Fífi Ọwọ́ Ara Ẹni Ra Páàtì Mọ́tò l'Ábẹ́òkúta: Bí Yóò Ṣe Wọlé Láìsí Ìjà

Páàtì tí ẹ fowó yín rà dé wákìṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Èyí ò lè wọlé o." Ẹ gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á, òun náà ní ohun tí ẹ béèrè lòun kó fún yín. Mọ́tò ti wà lókè láti àárọ̀, ẹsẹ̀ kan ti ṣí sílẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́, ẹnu ni a fi ra páàtì, a kò fi nọ́ńbà rà á: "Ẹ fún mi ní bíréèkì páàdì Corolla." Corolla wo? Èkejì, a kò bá mẹkáníìkì sọ ọ́ kó tó mú sípánà, ta ni yóò ru ẹrù bí páàtì bá kọ̀. Bí ẹ bá ti tún ibi méjèèjì ṣe, ìyókù rọrùn.

OHUN TÍ Ẹ MÁA NÍLÒ

- Fóònù tó ní kámẹ́rà tó ń yàwòrán dáadáa, àti tọ́ọ̀ṣì.
- Rúlà tó ní mìlímítà.
- Ṣọ́ọ̀kì funfun kan, àkísà, àti ọ̀rá tó nípọn tí ẹ máa fi gbé páàtì àtijọ́.
- Ìwé kékeré kan tó jẹ́ ti mọ́tò nìkan.
- Àkókò. Ẹ má fi ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ta ọjà fún yín gbọ́dọ̀ ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí wọ́n bá ń wọ páàtì náà, torí ìgbà yẹn gan-an ni àṣìṣe máa ń jáde.

1. Ẹ YA ÈYÍ TÓ YẸ KÍ Ẹ RÀ SỌ́TỌ̀

Páàdì, plọ́ọ̀gì, fíltà, ọ́ìlì, bátìrì, táyà, ṣọ́kì, fáànù bẹ́ẹ̀lìtì, gílóòbù iná: àwọn wọ̀nyí, oníbàárà tó bá fara balẹ̀ lè rà wọ́n fúnra rẹ̀.

Ẹ yẹra fún ríra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, jíà tòkunbọ̀, bréènbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), àti gbogbo ohun tó wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì bíi ríǹgì àti gáskẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe pé wọ́n yóò rẹ́ yín jẹ dandan. Ìdí ni pé ojú nìkan kò lè dán an wò, ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ló yẹ kó fọwọ́ sí i níbi tí wọ́n ti ń tà á. Tí ẹ bá ń lọ ra jíà ní Ládípọ̀, ọjà páàtì ní Mushin l'Ékòó, ẹ gbé mẹkáníìkì dání, kí ẹ sanwó ọjọ́ rẹ̀ àti owó ọkọ̀ rẹ̀. Ó kéré sí owó tí ẹ máa ná bí ẹ bá gbé jíà tó kú dé Láfẹ́nwá.

Ohun tó ń jẹ nígbà tí a bá ń lò ó, ẹ má ra tòkunbọ̀ rẹ̀ láé: páàdì, bẹ́ẹ̀lìtì, rọ́bà omi, táyà. Ẹlòmíì ti jẹ ọjọ́ ayé rẹ̀ lókè òkun kó tó dé ọwọ́ yín.

2. KÍ WỌ́N FI ÀRÙN HÀN YÍN KÍ Ẹ TÓ RA OÒGÙN

Páàtì tó dára kò lè wo àrùn tí kì í ṣe tirẹ̀ sàn. Ẹ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tó bàjẹ́ hàn mí." Ariwo ẹsẹ̀ iwájú ni a máa ń ṣì mọ̀ jù lọ, nítorí náà ẹ fi etí yín yà á:

Tó bá ń dún ka-ka-ka nígbà tí ẹ bá ta kọ́bà, bí ìgbà tí ẹ yí síbi ráńdábáòtù, sífíjọ́ìǹtì (oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀) ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ń hun bí oyin, tí híhun náà ń ga bí ẹ ṣe ń sáré sí i, bẹ́ríǹ (ohun tí ẹsẹ̀ fi ń yí geerege) ni. Tó bá ń dún gbọ̀ gbọ̀ tí ẹ bá wọ kòtò, ó lè jẹ́ línkéèjì (ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀), bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà) lowa-áàmù, ìyẹn apá irin tó di ẹsẹ̀ mú nísàlẹ̀, tàbí ṣọ́kì.

Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nílẹ̀. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì, bẹ́ríǹ tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé tó so ẹsẹ̀ mọ́ lowa-áàmù) ni. Ẹ tún di í mú lápá òsì àti ọ̀tún. Bó bá jẹ́ ìgbà yẹn nìkan ló ń mì, orí tàìrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí sítíárì fi ń yí ẹsẹ̀) ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí mẹkáníìkì kò bá lè tọ́ka sí ibi kan kó ní "òun rèé", ẹ kò tíì débi ríra páàtì.

3. Ẹ SỌ̀RỌ̀ OWÓ IṢẸ́ KÍ SÍPÁNÀ TÓ DÉBẸ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń gba owó iṣẹ́ tó kéré torí pé wọ́n ń rí díẹ̀ lórí páàtì. Bí ẹ bá gba páàtì kúrò lọ́wọ́ wọn, ẹ ti gé oúnjẹ kan kúrò. Ẹ má wá fẹ́ kí owó iṣẹ́ dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ fún ní owó tí kò tó yóò fi ìkánjú ṣe é, tàbí kó gbé e fún ọmọ iṣẹ́ tó wọlé lánàá.

Ọ̀rọ̀ tó tó sọ kò pọ̀:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo máa ra páàtì, ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́. Èló ni owó iṣẹ́ nìkan?"

"Bí páàtì bá kọ̀ fúnra rẹ̀, ẹrù mi ni, mo máa san owó títú padà. Bó bá jẹ́ wíwọ̀ ló ṣe é, ẹrù yín ni o."

"Tí páàtì tí mo rà kò bá wọlé lónìí, èló ni mọ́tò máa san bó bá sùn síbí?"

Àdéhùn tó tọ́ nìyí: ẹni tó ta páàtì ló ń dúró fún páàtì, mẹkáníìkì ń dúró fún ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ dúró fún páàtì tí kò rà kò ṣe ẹ̀tọ́. Àwọn mẹkáníìkì kan kì í gba páàtì oníbàárà rárá, pàápàá ti bíréèkì. Ẹ má bínú sí wọn, ẹ wá ẹlòmíì kí mọ́tò tó gun òkè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó fèsì pé òun gbà.

4. Ẹ GBA ORÚKỌ MỌ́TÒ YÍN GAN-AN

Orúkọ tí a ń pè é ládùúgbò, "Big Daddy" tàbí "Muscle", kò tó ra páàtì. Nọ́ńbà ṣáàsí ni. Ẹyọ 17 ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá dẹ́rẹ́bà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá, ó sì wà lára páálí tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ yà á ní àwòrán.

Ibi tí a ń kọsẹ̀ sí: kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú nọ́ńbà ṣáàsí. Ohun tó jọ O, òdo ni. Ohun tó jọ I, 1 ni. Ẹni tó bá kọ O ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta páàtì yóò ní wọn ò rí mọ́tò òun.

Ẹyọ àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, J ni Jàpáàn, W ni Jámánì. Nínú mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹyọ kẹwàá ni ọdún mọ́dẹ́lì: 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010. Ẹ má fi ọdún tó wà lórí ìwé mọ́tò nìkan ṣe é, wọ́n máa ń kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n.

Kí nìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì? Ẹ wo Corolla 2003 sí 2008. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ní ẹ́ńjìnnì 1.8, wọ́n ń pè é ní 1ZZ. Èyí tó ti Yúróòpù wá lè jẹ́ 1.4 tàbí 1.6. Camry "Muscle", ìyẹn 2007 sí 2011, wà ní plọ́ọ̀gì mẹ́rin àti V6 (plọ́ọ̀gì mẹ́fà). Ọ̀pọ̀ Corolla yẹn ló tún jẹ́ pé ṣúù (bíréèkì inú ìlù irin) ló wà lẹ́yìn, kì í ṣe páàdì. Ẹni tó ra páàdì ẹ̀yìn fún un ti fowó ra ohun ọ̀ṣọ́.

Toyota fi nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 10 pe páàtì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ 5, ìlà, ẹyọ 5. Ẹyọ 5 àkọ́kọ́ ń sọ irú ohun tó jẹ́: 04465 ni páàdì iwájú, 04466 ni páàdì ẹ̀yìn, 48510 ni ṣọ́kì iwájú ọwọ́ ọ̀tún, 48520 ni ti ọwọ́ òsì. Ẹyọ 5 ìkẹyìn ló ń yà mọ́tò kan sọ́tọ̀ sí èkejì, ìyẹn ni a ń fi nọ́ńbà ṣáàsí wá.

Ọ̀tún àti òsì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó dúró níwájú mọ́tò tó kọjú sí i, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì mọ́tò. Ẹ jókòó sí àga dẹ́rẹ́bà kí ẹ tó pe ọ̀tún. Tàbí kí ẹ kàn sọ pé "ọwọ́ dẹ́rẹ́bà" àti "ọwọ́ ẹlẹ́gbẹ́ dẹ́rẹ́bà".

5. PÁÀTÌ ÀTIJỌ́ NI ÒṢÙWỌ̀N YÍN

Kí wọ́n tú u kí ẹ tó lọ. Kí mọ́tò jókòó sórí irin ìdúró tàbí gẹdú igi, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹ fọ páàtì náà, ẹ nù ún, ẹ yà á níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sì gbé e dání lọ sí ọjà.

Sífíjọ́ìǹtì ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni a máa ń ṣì rà jù. Ẹ wo eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, kí ẹ máa kà yípo títí ẹ ó fi padà débi àmì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ka eyín ti inú náà. Ẹ wò ó bóyá ó ní ríǹgì ABS lára: ìyẹn ríǹgì onírin tó ní eyín kéékèèké tó yí i ká. Ẹ wọn gígùn rẹ̀. Eyín kan péré tó bá yàtọ̀, kò ní wọlé, kò sì sí òòlù tó lè bẹ̀ ẹ́.

6. NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹ kó páàtì àtijọ́ sórí káńtà, kí ẹ gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Ẹ wo ihò bọ́ọ̀tì, gígùn, eyín, ibi tí wáyà ń wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó jẹ́ ti páàtì kọ̀ọ̀kan:

Bíréèkì páàdì. Ẹyọ 4 ni sẹ́ẹ̀tì kan fún ẹsẹ̀ méjì. Ibi tó ń jẹ máa ń nípọn tó mìlímítà 10 sí 12 tó bá jẹ́ tuntun. Tó bá ti wá sí 3, ó ti tán. Ẹ fi èékánná họ etí rẹ̀. Bó bá ń já bíi bíríkì tí omi rẹ̀ kò tó, ẹ dá a padà sínú páálí. Ẹ wò ó bóyá tíńtín irin tó máa ń hán tí páàdì bá ń tán wà lára rẹ̀ bó ṣe wà lára ti àtijọ́. Ìlú òkè ni tiwa, bíréèkì ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣe ní ìlú pẹrẹsẹ lọ. Ibí kọ́ ni kí ẹ ti wá ẹ̀dínwó.

Plọ́ọ̀gì. Ìrídíọ́mù tòótọ́ (plọ́ọ̀gì tí wọ́n fi irin ìrídíọ́mù ṣe orí rẹ̀), orí àárín rẹ̀ tín-ín-rín bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta, kí ẹ tò wọ́n. Bí àlàfo ẹnu wọn bá yàtọ̀ síra, tàbí tí irin ìtẹ̀ kan bá ṣe wọ́ńkẹ́wọ́ńkẹ́, ẹ fura pé ayédèrú ni. Fún 1ZZ, àlàfo náà jẹ́ mìlímítà 1.1. Ẹ fi àtàǹpàkò tó ní omi ra lẹ́tà ara rẹ̀: èyí tó bá pa rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣọ́kì. Méjì méjì ni kí ẹ ra á, apá kan ṣoṣo máa ń jẹ́ kí mọ́tò wọ́. Ẹ tẹ irin rẹ̀ wọlé kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: onígáàsì gbọ́dọ̀ jáde fúnra rẹ̀ láì gbọ̀n. Ọ́ìlì kankan kò gbọdọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Bátìrì. Kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín. Fóòtì 12.6 ni ó kún. 12.4 tàbí ìsàlẹ̀ ti pẹ́ lórí pẹpẹ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí orí pọ́sítíìfù wà, wáyà mọ́tò yín lè má dé ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọ́ìlì. Corolla 1ZZ ń gba lítà 3.7 pẹ̀lú fíltà, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tó. Ti jíà ni ẹ ṣọ́ra fún: Corolla 2003 sí 2008 aláìfọwọ́-yí (ọtomátíìkì) ń lo T-IV, Camry 2007 ń lo WS. Wọn kì í pò wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ní "gbogbo rẹ̀ ọ̀kan náà ni", ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Táyà. Ẹ wo nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024. Bí ẹ kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí táyà padà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí.

7. RÌSÍÌTÌ

Kí ó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù, déètì, orúkọ páàtì, nọ́ńbà páàtì, bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi gbà á padà. "Páàtì mọ́tò, 1" kì í ṣe rìsíìtì. Ẹ béèrè lójúkojú pé, "Tí kò bá wọlé lónìí, ṣé ẹ máa gbà á?" kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Páàtì oníná, ọ̀pọ̀ kì í gbà á padà tí wọ́n bá ti fi wáyà sí i. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má ya páálí, ẹ má sì jẹ́ kí ojú sípánà kan hàn lára páàtì kó tó dájú pé òun ni. Ẹni tó ta ọjà yóò gba ohun tó mọ́ padà, kò ní gba èyí tó ti họ.

8. WÍWỌ̀ RẸ̀

Ẹ dúró, ṣùgbọ́n ẹ má dúró lé e lórí. Àwọn ibi wọ̀nyí nìkan ni kí ojú yín wà:

Kálípà (irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, àwo irin tó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀) kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ rọ́bà bíréèkì. Kí wọ́n fi wáyà so ó mọ́ sípíríǹgì. Rọ́bà tó gbé kálípà yóò ya nínú, ẹ kò sì ní rí i.

Kí wọ́n tó sọ mọ́tò kalẹ̀ kó lọ, kí wọ́n máa tẹ pẹ́dà bíréèkì títí yóò fi le. Àwọn tó gbàgbé èyí ti fi mọ́tò wọ ògiri wákìṣọ́ọ̀bù.

Bẹ́ríǹ, pírẹ́ẹ̀sì (ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan wọlé) ló ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe òòlù. Bẹ́ríǹ tí wọ́n gbá lójú ti kú kó tó délé. Bí wákìṣọ́ọ̀bù kò bá ní pírẹ́ẹ̀sì, ẹ gbé họ́ọ̀bù (orí irin tí a ń de ẹsẹ̀ mọ́) lọ síbi tó wà, kí ẹ sanwó rẹ̀.

Lowa-áàmù tàbí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀: kí wọ́n fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀tì rẹ̀, kí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, ìgbà yẹn ni kí wọ́n mú un gírígírí. Bí wọ́n bá mú un nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, bọ́ọ̀ṣì á wé mọ́ra, oṣù díẹ̀ ni yóò fi ya. Oníbàárà á ní ayédèrú ni. Kì í ṣe ayédèrú, ọ̀nà tí wọ́n fi mú un ni.

Plọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi ọwọ́ wé e dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà kí sípánà yí i bí ìdajì. Èyí tí sípánà bẹ̀rẹ̀ láti òkè lè ba ihò orí ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Nọ́ọ̀tì táyà, wọn kì í mú un yípo. Ọ̀kan, èyí tó kọjú sí i, òmíràn. Toyota ní kí wọ́n mú un dé 103 Nm (òṣùwọ̀n bí a ṣe mú nọ́ọ̀tì le tó). Lẹ́yìn bíi kìlómítà 80, ẹ tún un mú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ọ̀tì tàbí bọ́ọ̀tì kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sínú abọ́. "Kò nílò ìyẹn" kì í ṣe ìdáhùn.

9. Ẹ WÀ Á KÍ Ẹ TÓ SANWÓ TÁN

Ẹ kọ́kọ́ wà á jẹ́jẹ́ níbi pẹrẹsẹ, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí eré kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Tó bá mú bákan náà, ẹ wá ojú ọ̀nà tí kò há, kí ẹ máa dé 50, kí ẹ rọra dín in kù sí bíi 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ máa jẹ́ kó tutù díẹ̀ láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni páàdì tuntun ṣe ń bá dísìkì mọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni kí ẹ gba ọ̀nà òkè Ìtòkò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀kalẹ̀.

Ẹ padà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láì kàn án. Èyí tó bá ń jó ju ìyókù lọ, kálípà rẹ̀ lè ti há.

Tí wọ́n bá yí lowa-áàmù tàbí orí tàìrọ́ọ̀dù, wíìlì aláínímẹ́ǹtì (títo ẹsẹ̀ kó dọ́gba) kì í ṣe àṣàyàn. Owó rẹ̀ wà lára iṣẹ́.

10. BÓ BÁ KỌ̀ LẸ́YÌN ỌJỌ́ DÍẸ̀

Ẹ má kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ mọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́kì tó yọ ọ́ìlì lọ́rùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, páàtì ni. Bẹ́ríǹ tó ń hun ní ọjọ́ kejì, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀lìtì tó ya ní ẹ̀gbẹ́ kan, púlì kò dọ́gba. Páàdì tó ń hán ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ dísìkì tó ti gbó: ẹ wo ara dísìkì, wọ́n sábà máa ń kọ "MIN TH" sí i pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Tó bá ti tín-ín-rín ju ìyẹn lọ, kò sí páàdì tó lè bá a gbé.

Tó bá jẹ́ páàtì, ẹ gbé rìsíìtì, páálí àti páàtì lọ, kí ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Pátákó "a kì í gba ọjà padà" kò borí òfin: òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, fún yín láyè láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, àjọ FCCPC, ti ìjọba àpapọ̀ fún ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, ló sì ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n láìsí rìsíìtì tó ní nọ́ńbà páàtì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ẹ tọ́jú páàtì àtijọ́ àti páálí tuntun títí oṣù kan yóò fi pé. Nínú ìwé kékeré yẹn, ẹ kọ déètì, nọ́ńbà páàtì, ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́, àti kìlómítà tó wà lójú dáṣìbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà.